Òòfà Inú Àpò Bàbá Rẹ

Gidan Igwai,
Ṣókótó.

Ameerat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé òjò Ìlọrin kì í sì í pa ọ́ lọ sí kíláàsì. Àwa náà wà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ibí ń dán wa wò. Ǹ bá pè ọ́, ṣùgbọ́n ilé-ìwé yín kò fàyè gba fóònù. O ní ẹ̀kọ́ òòfà kò yé ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa yóò jẹ́ kó yé ọ.

Alhaji Shehu, onílé wa, fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ abẹ́ igi dóńgóyárò kí gbogbo ilé lè máa kírun níbẹ̀. Ó ku kí wọ́n fa ìlà tí a ó máa tò sí. Bàbá rẹ gbé kọ́ńpáàsì jáde, wọ́n ní ibi tí Alhaji ti ń kọjú sí láti kékeré kì í ṣe Kíbúlà, ìhà Mẹ́kà. Kọ́ńpáàsì inú fóònù wọn náà sọ bákan náà, ló bá dá wọn lójú. Alhaji ní, “Jàfárù, ibí ni bàbá mi fi hàn mí.” Bàbá rẹ ní abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í purọ́. O mọ orí kunkun wọn.

Láti ọjọ́ náà, Alhaji ń kírun lábẹ́ igi, bàbá rẹ ń kí tiwọn nínú yàrá. Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ sí ọjà ńlá Babbar Kasuwa láràárọ̀ kò kí ara wọn dénú mọ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí Alhaji ló gbà wá sílé nígbà tí a kò mọ ẹnì kankan nílùú yìí. Mi ò sì lè dá sí i, torí kálukú gbà pé ti Ọlọ́run ni òun ń jà fún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ń rán àpò jalabíà bàbá rẹ tó ya, ni abẹ́rẹ́ bá fò kúrò lọ́wọ́ mi, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Òòfà ló wà nínú àpò, èyí tí wọ́n tú lára sìpíkà tó bàjẹ́, tí wọ́n fi ń ṣa nọ́ọ̀tì tó bá já bọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe. Aṣọ wà láàárín, síbẹ̀ ó fa abẹ́rẹ́. Kò fa tẹ̀sùbáà onírọ́bà tí wọ́n jọ wà nínú àpò, kò sì fa bọ́tìnnì idẹ. Irin ló mọ̀.

Jalabíà yìí ni bàbá rẹ wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ́ńpáàsì jáde. Mo gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yí tẹ̀ lé òòfà. Mo gbé òòfà jìnnà, abẹ́rẹ́ padà sí àríwá, ó dúró. Fóònù náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi hàn pé ibi tí Alhaji ń kọjú sí ni Kíbúlà. Alhaji ló tọ̀nà. Nígbà tí mo fi han bàbá rẹ, wọ́n jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, “Àlàkẹ́, gbogbo ìrun tí mo ti kí ńkọ́?”

Kí Mọ̀gàríbà tó tó, wọ́n lọ bá Alhaji. Ẹ̀rù ń bà mí pé Alhaji yóò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Alhaji gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Babu komai, kò sí nǹkan kan. Allah mọ ẹni tí ò ń wá.” Alhaji fa bàbá rẹ lọ́wọ́ lọ síwájú pé kí wọ́n ṣe lèmọ́mù fún wa. Ohùn bàbá rẹ gbọ̀n nínú Fátíà. Èmi àti Kulu, ìyàwó Alhaji, wà lẹ́yìn, ẹkún kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù.

Kí Ọlọ́run ṣí ọ níyè, kí ó sì fi ọ̀nà rere hàn ọ́ níbi gbogbo tí o bá kọjú sí.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Àlàkẹ́.

Àfikún: Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé orí òòfà méjì tó bá jọra máa ń ti ara wọn ni, àwọn tó yàtọ̀ síra ló ń fa ara wọn mọ́ra. Wọ́n ní kí o má gbàgbé. Mo ní kí àwọn náà má gbàgbé.