Orúkọ Ọ̀gá Mi Wúwo Lẹ́nu Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ọ̀gá mi ń gbọ́ yín.

Ìmọ̀ ìṣàkóso ìlú ni èmi àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ jọ ń kà fún másítà l'Ákùúrẹ́. Ní Sátidé, olùkọ́ fi mí ṣe alága ìsọ̀rí wa, ó ní kí n pe orúkọ àwọn tó wá. Mo fo tọ̀gá mi. Bàbá náà dìde.

"Alága, ẹ ò tíì pè mí."

Èmi ni wọ́n ń sọ "ẹ" fún. Mo rọra pe orúkọ wọn.

"Mo wà níbí, Alága."

Ní Mọ́ńdè, mo kúnlẹ̀ kí wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní, "Fáìlì tí mo ní kó o gbé wá dà?"

Sátidé ti tún ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pe ọ̀gá yín lórúkọ rí, báwo lẹ ṣe gbé e jáde lẹ́nu?