Ohùn Mi Ni Wọ́n Fi Gba Oko Obì Màámi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mo purọ́ fún ìyá tó bí mi lọ́mọ... Pasadena níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ páìpù, ní plant kan, ilé iṣẹ́ ńlá, lẹ́bàá ship channel tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Màámi ò kàwé, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí ẹni tó bá ń lọ sílé á bá mi mú un dání fún wọn. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn mi nínú rédíò Màámi.

Bọ̀dá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àwọn ló tọ́ mi nígbà tí bàbá mi kú. Wọ́n fẹ́ di aṣòfin nínú ìbò 1983 tó ń bọ̀ yìí, ni wọ́n bá wá sí Houston, wọ́n ní àwọn ń wá òyìnbó investors tó máa dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ nílùú wa. Inú mi dùn, èmi ni mo ń fi mọ́tò gbé wọn kiri freeway. Wọ́n pe àwọn òyìnbó náà sí oúnjẹ ọ̀sán ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Westchase. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Bọ̀dá jókòó tì mí nínú apartment mi, wọ́n ní kí n sọ fún Màámi nínú kásẹ́ẹ̀tì pé mo ti fojú mi rí àwọn investors, kí Màámi yọ̀ǹda oko obì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ náà. Mi ò tíì rí ẹnikẹ́ni o! Ṣùgbọ́n mo ní ṣebí ọ̀sán yìí náà ni màá rí wọn, kí ni wákàtí mẹ́ta jẹ́? Mo sọ ọ́. Mo tún fi orúkọ bàbá mi búra, Bọ̀dá sì mú kásẹ́ẹ̀tì náà sápò...

A dé hòtẹ́ẹ̀lì, òyìnbó kan ò yọjú. Oúnjẹ ti wà nílẹ̀, ẹni tó máa ya fọ́tò ti dúró. Bọ̀dá ní ṣé mi ò ní òyìnbó níbi iṣẹ́ ni. Ẹni tó tọ́ ẹ dàgbà, ṣé o lè wò ó lójú kí o ní rárá? Mo pe àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ páìpù lórí fóònù, mo ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà. Mẹ́fà wá. A sáré háyà kóòtù ọkọ ìyàwó fún wọn, ọ̀kan ò tiẹ̀ bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bá Bọ̀dá ya fọ́tò bí investors. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́ fún yín mọ́. Mo rò pé a kàn ń bo Bọ̀dá láṣìírí ni.

Nígbà tí mo ń gbé Bọ̀dá lọ sí airport, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì yẹn padà. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ti jù ú nù.

Kásẹ́ẹ̀tì Màámi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bọ̀dá kó ẹbí jọ, wọ́n gbé fọ́tò yẹn jáde, wọ́n tan ohùn mi sí wọn létí. Àwọn àgbà ní àwọn ò gbà. Màámi ló dìde, wọ́n ní ọmọ àwọn kì í purọ́, wọ́n sì tẹ̀ka sí ìwé oko náà. Wọ́n ti gé igi obì tán, pátákó ìbò Bọ̀dá nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà... ẹ̀gbọ́n mi! Ẹni tí mo ń pè ní bàbá! Ohun tó ń pa mí jù ni pé Màámi ò bínú. Wọ́n ń kì mí, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ti kun yàrá bàbá mi, pé ọjọ́ wo ni àwọn òyìnbó mi ń bọ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ sílé ní Sátidé, ìbò ò sì jìnnà mọ́. Tí mo bá sọ òtítọ́, ẹbí á tú ká, wọ́n á sì máa pe Màámi ní ìyá òpùrọ́. Tí mo bá dákẹ́, Bọ̀dá á wọlé, oko á sì lọ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tẹ kásẹ́ẹ̀tì láti sọ̀rọ̀. Mo ti sọ pé Màámi, ẹ kú ilé o, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, kí ni kí n sọ tẹ̀ lé e?