Bí Mo Ṣe Tú Alùpùpù Màámi Palẹ̀, Tí Mo Sì Tún Un Tò

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Àdúgbò Pòrògùn,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Bélú, 2024.

Helen, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun dáadáa, àbí wọ́n ṣì ń tu ẹ̀bà sí ọ lára? Ọyẹ́ Ṣakí ńkọ́? Mo mọ̀ pé yóò ti máa fẹ́ lọ́hùn-ún kí tiwa níbí tó rántí wa. Ara tèmi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Màámi náà ń bẹ. Ìdí máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò tíì dín mímú kù. Wọ́n ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ léèrè ìgbà tí o máa wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí o ti ń ṣèlérí pé o máa wá jẹ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé ìwé.

Jessica àbúrò rẹ ló sọ fún mi pé òun ń bọ̀ ní Ṣakí lọ́sẹ̀ yìí, ni mo bá jókòó kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi gùn ju èyí tí èèyàn ń sọ sínú fóònù lọ. Bu omi tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kí o tó máa kà á lọ.

Ṣé o rántí alùpùpù pupa kékeré tí wọ́n fi páànù bò lẹ́yìnkùlé wa, èyí tí a máa ń lé adìyẹ kúrò lórí rẹ̀ nígbà tí o bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa? Màámi ló ń gùn ún nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí, tí gbogbo abúlé mọ̀ wọ́n sí Nọ́ọ̀sì Mùínátù. Ó gbé wọn ṣubú lọ́nà Ibefun nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, egungun ìdí wọn sì kán. Láti ìgbà náà, wọn kò gùn ún mọ́, wọn kò tà á, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀ rẹ̀.

O mọ̀ pé wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lábúlé lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Èmi ni mo ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ bá àwọn ọmọdé láwọn ahéré tó wà káàkiri ibẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, kò sí ọlọ́kadà tó máa wọ ọ̀nà yẹn, ohun yòówù kí o fi bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, mo gbé àpótí abẹ́rẹ́ rù, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, àwọn ìyá ti pọn ọmọ wọn lọ sóko, yìnyín inú àpótí sì ti di omi. Mo gbé gbogbo abẹ́rẹ́ padà, ọmọ kan ṣoṣo kò rí i gbà. Mo jókòó sábẹ́ igi kòkó kan, mo sì sọ fún ara mi pé irú èyí kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí páànù kúrò lórí alùpùpù Màámi.

Àfi bí ẹni pé ẹnìkan lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi Haneef l'Ékòó. Ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ló kó àwọn tó ń ra irin àlòkù dé. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀yìnkùlé.

"Raheemah, kúrò níbẹ̀ kí wọ́n gbé e," ló wí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ tún un ṣe ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Haneef ní, "Ìwọ tí o kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ táyà?"

Òótọ́ ló sọ, n kò mọ̀ ọ́n. Mo yíjú sí Màámi, mo rò pé wọ́n máa gbè mí. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ohun tó fẹ́ pa mí, n kò fẹ́ kó pa ọmọ mi."

Helen, ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò kúrò níbẹ̀. Mo gun orí alùpùpù náà tòun ti táyà rẹ̀ tó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, mo jókòó, mo ní kí wọ́n gbé èmi àti òun pọ̀ sínú ọkọ̀. Àwọn onírin wo Haneef, Haneef wo Màámi, ojú sì tì í láti wọ́ àbúrò rẹ̀ lójú àlejò. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí òjò ọdún yìí bá dáwọ́ dúró tí àwọn bíríkìlà dé tí alùpùpù náà kò tíì dún, òun fúnra òun ni òun máa gbé e jù sínú ọkọ̀.

Ni mo bá lọ bá Ọ̀gá Wàhábì, mẹkáníìkì kan ní Mọ́lípà. Ó gbà kí n máa kó irin alùpùpù náà wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n máa lo irinṣẹ́ òun. Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò sì kẹ́ mi. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí n máa to ohun tí mo bá tú sórí aṣọ bí mo ṣe ń tú u, kí ó lè jẹ́ pé bí mo bá ń dá a padà, màá kàn máa bá aṣọ náà lọ sẹ́yìn ni. Ìró àǹkárá mi àtijọ́ ni mo lò. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi pé irin kékeré bẹ́ẹ̀ lè bo odindi ìró.

Eku ti bímọ sínú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ìpẹtà ti kún inú táǹkì. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti epo bẹntiróòlù díẹ̀ sí i, mo ń mì ín títí apá mi fi fẹ́ẹ̀ já, omi pupa bí epo pupa ló ń dà jáde. Mo tú kábúrétọ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi wáyà tín-ín-rín la ojú ihò rẹ̀. Bóòtù kan dákú síbi tó wà. Mo fi agbára yí i, orí rẹ̀ sì já mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá Wàhábì wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Irin tó bá ti sùn pẹ́, epo la fi ń jí i, kì í ṣe ìbínú." Odindi Sátidé kan la fi yọ èyí tó kù sínú.

Nígbà tí mo tò ó tán nílé, mo fẹsẹ̀ ta á kí ó lè dún, ó ké kútú, ó dákẹ́. Mo tún ta á títí orúnkún mi fi wú, lójijì ló sì dún! Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi sáré jáde. Gígùn kò ṣòro fún mi, o mọ̀ pé orí alùpùpù Micah ọmọ kíláàsì wa ni a ti jọ kọ́ ọ. Mo gùn ún jáde, orí mi ń wú. Kò pẹ́ tí mo dójú títì tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú, irin ké gbì, táyà ẹ̀yìn sì gan. Mo yọ ọ́ kúrò nínú jíà, mo tì í padà sílé lójú ọ̀sán gangan. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta ń kí mi kú iṣẹ́, ó sì yé mi irú kíkí tó jẹ́. Nígbà tí mo délé, mo wọ balùwẹ̀, mo sunkún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, mo tún tẹ́ ìró mi. Èmi àti Ọ̀gá Wàhábì ṣí ẹ́ńjìnnì, a sì rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ ojú irin ẹ́ńjìnnì méjèèjì pọ̀ ni mo fi sí i lápọ̀jù. Ó ti tàn wọ inú ihò tí ọ́ìlì ń gbà, ó sì dí i pa. Ẹ́ńjìnnì náà kò rí ọ́ìlì mu ló ṣe gbẹ títí tó fi há. Mo ti rò pé bí gọ́ọ̀mù bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá inú irin, mo sì wá písítìnì mìíràn tó bá a mu.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, òjò ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fọ àwọn irin náà, mo bá kó wọn sábẹ́ òrùlé. Màámi fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde wá, wọ́n fa àpótí ìjókòó, wọ́n jókòó tì mí. Wọn kò sún mọ́ iṣẹ́ náà rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú písítìnì tó ti bàjẹ́, wọ́n ń yí i lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ìdí tó kán ni àwọn ṣe fi alùpùpù sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú, obìnrin kan ń rọbí lábúlé, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ránṣẹ́ wá pè wọ́n. Ewúrẹ́ ló já lù wọ́n ní kọ́nà kan. Inú koríko ni wọ́n wà títí àwọn àgbẹ̀ fi rí wọn. Nígbà tí agbẹ̀bí mìíràn máa fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ọmọ yè, ìyá ti lọ.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí irin yẹn, obìnrin náà ni mo ń rí," wọ́n wí. "Ó ń wo ọ̀nà, n kò dé."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ ọ rí. Mo di ọwọ́ wọn mú láìrántí pé ọ́ìlì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á. Àwọn tó ń wo ọ̀nà tèmi náà wà níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn, n kò ní bá wọn. Ìdí tí mo ṣe ń tún un ṣe nìyẹn."

Wọ́n gbé písítìnì náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òjò náà dá. Bí wọ́n ṣe ń dìde lọ, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní, "Iná iwájú yẹn, pààrọ̀ rẹ̀. Kò mọ́lẹ̀ dáadáa rí."

Ìgbà tí mo tún un tò yìí, mo fi sùúrù tò ó. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ bí ẹni fi ìka tọ́ oyin ni mo fi sí i. Ó dún, kò sì rú èéfín. N kò gbé e jáde sí títì lọ́jọ́ yẹn. Mo ń gùn ún yí àdúgbò ká lójoojúmọ́, mo ń fetí sí i, mo ń tún bóòtù dì. Mo gba ìwé ọkọ̀, mo ra akoto. Nígbà tí Haneef kó àwọn bíríkìlà dé, ẹ́ńjìnnì ló bá tó ń dún lẹ́yìnkùlé. Ó dúró, ó ń wò ó, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun gùn ún wò. Mo ní kó kọ́kọ́ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ kábúrétọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó yípo ibi tí alùpùpù wà, ó sì sọ fún àwọn bíríkìlà kí wọ́n sún ìpìlẹ̀ síwájú díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́. Bí mo ti kírun àárọ̀ tán tí mo jáde, Màámi ti wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti gbé àpótí abẹ́rẹ́ sórí àga ẹ̀yìn, wọ́n ń fi rọ́bà dì í. Wọ́n fà á wò, wọ́n tú u, wọ́n tún un dì.

"Má sáré o," wọ́n wí. Wọ́n tún fọwọ́ kan rọ́bà náà. "Ṣùgbọ́n má pẹ́."

Helen, ẹrẹ̀ wà lọ́nà náà, mo fẹ́ẹ̀ yọ̀ ṣubú níbì kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ìyá ṣì wà lábẹ́ igi, ọmọ lẹ́yìn wọn, ọkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Yìnyín ṣì gan nínú àpótí. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Adébùsọ́lá na ọrùn wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ọlọ́kadà.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló gbé yín wá?"

Mo ní, "Èmi ni mo gbé ara mi wá."

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ìbejì, kí o sì bá mi kí ìyá ọkọ rẹ tó máa ń pè mí ní ọmọ Ìjẹ̀bú. Gààrí tí Jessica gbé dání, tìrẹ ni, má pín in fún gbogbo ará ilé. Bí o bá ń bọ̀ wá jẹ ìkọ́kọrẹ́, má wọ ọ̀kadà ní gáréèjì. Dúró síbẹ̀ kí n wá gbé ọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́, tí ọ́ìlì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀,

Raheemah.