Oṣù Aadi ní Ilé Sinimá Vadivu

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù Aadi

Thangadurai pè mí lónìí. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mi ò jókòó — ọ̀gá tó bá ní kí èèyàn jókòó, ọ̀rọ̀ burúkú ló fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ó fẹ́ sọ ilé sinimá di gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Vadivu! Tí wọ́n fi orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ pè! Níbi tí mo ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń rìn ká ní ìhòòhò.

Ó ní, "Màmá Pechi, ta ló ń wá mọ́? Àná, àwọn ọkùnrin tó wá sùn nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan."

Mo ní ewúrẹ́ yẹn wò ó dópin.

Òótọ́ ni o, mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi. Gbogbo èèyàn ti jókòó sílé ti fóònù. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ pósítà fíìmù tuntun kì í tíì gbẹ tí fíìmù náà á ti dé orí fóònù. (Ara pósítà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó lọ kà á láti orí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré lọ bí mo ti ṣe.)

Ohun kan ló gbà mí. Kò sẹ́ni tó ń gbéyàwó nínú oṣù Aadi. Oṣù Amman, òrìṣà ìyá wa, ni. Nítorí náà kò sí káfíńtà tó máa wá tú àga títí Aadi á fi parí. Mo ní, "Fún mi ní Aadi yìí. Gbé *Ìyá Inú Ọ̀gán* síta."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ ń mì. Ikùn yẹn nìkan á gba àga méjì. "Màmá, fíìmù àtijọ́ yẹn! Ó wà lórí fóònù gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́!"

Mo ní gbé e síta. Ó ní bí èrò bá wá, òun á tún inú rò. Mo ní kó búra. Kò búra. Ó mi orí — orí mímì tiwa níbí, tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì

Mo sọ fún Ìyá Fóònù, ìyàwó ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi gba imú rẹ̀ jáde. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹta

Mo so ewé dóńgóyárò mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo gbé ère Amman kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, mo tan káńfọ̀ níwájú rẹ̀ bí tùràrí. Gbogbo ẹni tó ń wọlé, bọ́ bàtà! Bí a ti ń ṣe nígbà tí fíìmù yìí kọ́kọ́ dé nìyẹn. Ilé sinimá di tẹ́ńpìlì nígbà náà. Amman ń gun àwọn obìnrin láàárín àga, àfi ká da omi lé wọn lórí kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ilé. Èmi ni Amman máa ń kọ́kọ́ gùn. Kí n kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn. Sornam ará àdúgbò wa ń sọ pé òun ni. Irọ́ ni.

Ta ló wá? Àwọn arúgbó díẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń sá fún oòrùn, tó ní òun ò bọ́ bàtà. Mo bá a bọ́ ọ.

Àwọn obìnrin àdúgbò dà? Ilé Sornam! Ìyá Tẹlifíṣọ̀n! Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Dubai fi tẹlifíṣọ̀n kan ránṣẹ́ sí i, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Fíìmù kan náà ló gbé sí i. Kan náà! Lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú kọfí. Kójú lè tì mí ló ṣe ṣe é.

Sátidé, ọjọ́ kẹrin

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé mo lọ wòran o. Abọ́ mi ni mo lọ gbà. Ó ti wà lọ́wọ́ Sornam láti ọdún tó kọjá.

Wọ́n kún pálọ̀ fọ́fọ́. Ìyá Fóònù wà níbẹ̀, ó fi etí aṣọ sárì rẹ̀ bojú, bí ẹni pé mi ò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Sornam ní, "Háà, Pechi! Jókòó, jókòó. Tiwa ò gba tíkẹ́ẹ̀tì o." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró.

Fíìmù wá dé ibi gan-an. Ọ̀gán là sí méjì. Amman ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta. Kamatchi, ìyàwó aránṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èjìká rẹ̀ ń lọ, irun rẹ̀ ti tú. Ó ń bọ̀! Amman ń bọ̀! Àfi bí mílíìkì Sornam ṣe hó dànù lórí iná. Ló bá tẹ rìmóòtù. Ó dá Amman dúró.

Amman dúró. Ẹnu ní ṣíṣí, ojú kan ní pípadé, bí ẹni tó fẹ́ sín. Kamatchi náà dúró, ọwọ́ kan lókè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun ní bisikíìtì.

Sornam se kọfí. Wọ́n mu ún. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí tòmátì ṣe wọ́n tó. Amman ṣì wà lára ògiri, kò tíì sín. Lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ lọ ká aṣọ tó sá, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí ìyókù lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n bá pa á. Wọ́n pa á pátápátá!

Mo ní, "Sornam, nítorí mílíìkì lo ṣe dá Amman dúró?"

Ó ní, "Bó bá dànù tán, ṣé ìwọ lo máa ra òmíràn fún mi?"

Mo gbàgbé abọ́ mi síbẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹfà

Orúnkún Sornam wú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn béèrè nídìí ẹ̀rọ omi pé, bí àlejò bá ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, tẹ́ ẹ wá pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn láàárín, ibo ló máa gbà? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Kamatchi ní láti ọjọ́ náà ni èjìká ọ̀tún òun ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, tòsì ò sì dá a lóhùn. Ó ní, "Àǹtí Pechi, àbí Amman há sínú mi ni?" Mo wò ó dáadáa. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀rọ omi bàjẹ́. Mi ò fọwọ́ kàn án o.

Ìyá Fóònù wá bá mi ní kíṣìnnì. Ó ní, "Màmá, ẹni tó bá wò ó dé ìdajì, ṣé dandan ni kó parí ẹ̀?" Mo ní dandan. Ó ní ṣé òun ò lè parí rẹ̀ lórí fóònù? Mo ní bí ìyá ẹ bá wá pè ọ́ láàárín ẹ̀ ńkọ́? Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ìyá yẹn kì í yéé pe fóònù.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n wá!!! Bàtà kún ẹnu ọ̀nà débi pé Thangadurai fẹsẹ̀ kọ òkìtì rẹ̀, ó ṣubú. Nígbà tí Amman jáde nínú ọ̀gán, Kamatchi dìde pẹ̀lú èjìká méjèèjì. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó olùkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà kan gbáko. Mo da omi títí ọwọ́ mi fi ro mí. Kò sẹ́ni tó lè tẹ nǹkan kan dúró. Amman jáde tán pátá, ó pa ọkùnrin burúkú náà, ó jó.

Kò gùn mí. Ó rí i pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì wá láti abúlé báyìí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ń wá. Wọ́n ti há gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sórí, wọ́n á ti sọ ọ́ kí Amman tó la ẹnu. Mo bi ọ̀kan pé, "Ṣebí ó wà lórí fóònù ẹ?"

Ó ní, "Ó wà níbẹ̀ o, Màmá. Ta ni màá wá bá pariwo níbẹ̀?"

Ó gbọ́n. Lẹ́yìn náà ó súfèé sí mi létí, mo gbá a ní ewé dóńgóyárò.

Thangadurai fẹ́ máa ta ògì Aadi lẹ́nu ọ̀nà! Ògì tí gbogbo ayé ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí Amman! Mo dúró ti ìkòkò náà, mo pín in tán kó tó rí ṣíbí.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ilé kún. Mo bi Thangadurai pé ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ńkọ́. Kò wò mí lójú. Ó ní, "Màmá, Aadi ni èyí. Tí Aadi bá lọ ńkọ́? Wọ́n á padà sídìí fóònù wọn. Mo ti bá àwọn káfíńtà sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Avani tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń bọ̀."

Mi ò lè jẹun. Ìyá Fóònù fi ẹja kún tèmi, mi ò jẹ ẹ́. (Mo jẹ ẹja náà.)

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́

Mo nu gbogbo àga. Mo fi orúkọ pe àwọn àga tí mo mọ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ tó kẹ́yìn Aadi

Bí ìwé yìí bá wọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi.

Èrò pọ̀ débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Sornam wá. Ó fi ọ̀pá rìn. Ó rọra ní, "Pechi, wá ibì kan fún mi. Orúnkún yìí." Mo ní ilé ti kún. Òótọ́ sì ni. Mo jókòó lórí àpótí mi lẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ́ kó fara ti ògiri. Ẹni tó bá ń dá Amman dúró, kí òun náà dúró.

Thangadurai ti lọ síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ sinimá, ó fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn pé ó dìgbóṣe bí fíìmù bá parí. Kò mọ bí ikùn òun ṣe yọ tó. Ọ̀gán là, Amman jáde — ìdajì ojú rẹ̀ bọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun Thangadurai. Ojú Amman lórí ikùn yẹn, ó ń mì! Àwọn obìnrin hó yèè. Thangadurai wo ikùn ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Aṣọ tó ró mọ́dìí tú, ó ku ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ewé. Ohùn rẹ̀ wá dà bí ti obìnrin:

"Àga mi! Ta ló fẹ́ tú àga mi? Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àga mi!"

Gbogbo ilé dojúbolẹ̀. Mo gbé korobá omi, mo sáré lọ. Ó yíjú sí mi. Ó na ìka.

"Pechi! Jẹ́ kí Sornam jókòó! Lórí àpótí tìẹ! Láti òní lọ!"

Ara mi ni mo da omi náà sí.

Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Avani

Àwọn káfíńtà dé pẹ̀lú òòlù. Kamatchi ti dúró dè wọ́n lọ́nà, ó sọ ohun tí Amman wí fún wọn. Wọ́n bọ́ bàtà. Ọ̀gá wọn wọlé, ó fọwọ́ méjèèjì kí àga kan, wọ́n yí padà lọ. Thangadurai ní òun ò rántí ohunkóhun, pé oòrùn ni. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ta ló máa gbé ọmọ ẹ̀ wá ṣègbéyàwó níbi tí Amman ti ní ẹ má fọwọ́ kàn?" Thangadurai ní ó dáa, fíìmù tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Àga wà!

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé Amman ni àbí òun ni? Ó ní ebi ń pa òun.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà mi. Sornam ti wà lórí àpótí mi. Ó gbé ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, ó gbé fílásíkì kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ méjì wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àdúgbò ń wò mí bóyá màá sọ̀rọ̀.

Mo fara ti ògiri.

Amman ìyá wa, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá ti bi mí ná.