Àwòrán Yín tí Nusrat Gbé Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Bàbá wa, Àlàájì Muqtadir, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní oko.

Ọdún mẹ́rin! Tawfiq ti parí òkè ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Mariyah ọmọ yín ti bí ọkùnrin. Orúkọ yín ló ń jẹ́. Màmá ṣì ń ta ẹ̀wà ní ọjà Sandgrouse, wọ́n sì ṣì ń bá gbogbo ará ọjà jà. Ìròyìn rere tán. Ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín nígbà tí ẹ wà láyé. A kò ní bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí.

Wọ́n ti ti yàrá yín pa ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà nítòsí Marina. Nusrat ló fà á, àbígbẹ̀yìn yín, ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù.

Ẹ̀yin lẹ kó ohun tó wà nínú yàrá náà jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yín kan ló kọ ọ́ nínú ìdánwò pé orí igi ni iṣu ń so sí. Inú bí yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ́ àti àdá, agbọ̀n àti ọlọ, láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì. Ikú mú yín lọ kí wọ́n tó ṣí àfihàn náà. Àwa ọmọ yín la gbé àwòrán yín kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú yín wà lábẹ́ rẹ̀. A rò pé iyì ni.

Lọ́dún yìí, àwọn aláṣẹ ilé náà ní kí wọ́n ṣe ìwádìí: bí àwọn àlejò bá ń rí nǹkan kọ́ níbẹ̀, yàrá yóò dúró, bí wọn kò bá rí, wọn yóò tì í. Òṣìṣẹ́ wọn ni Nusrat. Ohun tó kà jáde ní yunifásítì gan-an nìyẹn: bí ènìyàn ṣe ń rìn nínú àfihàn, ibi tó ti ń dúró, ohun tó gbé jáde lọ́kàn. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Inú wa dùn! A ní ta ni yóò fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀?

Kò sí ẹni tó bi tí kò yin àfihàn náà. Nusrat kò gbà á gbọ́. Ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wo àwọn tó ń wòran.

Ará àdúgbò á dé ẹnu ọ̀nà, á rí yín, á bọ́ bàtà, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á ṣàdúrà fún òkú, á sì padà sílé. Fìdáù ni wọ́n pè é! Ìyá àgbàlagbà kan tilẹ̀ fa Nusrat lápá: "Ọmọ mi, ibo lẹ ti ń pín sàárà? Mi ò rí ẹnì kankan tó gbé abọ́." Bó bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí kọ́, wọ́n á ní, "Èèyàn dáadáa ni Àlàájì. Àlùjánnà ni wọ́n wà." Ohun tí à ń pè ní ìyìn nìyẹn.

Màmá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní ó dáa, ìwọ náà kọ ọ́ pé ó dáa. Kí ló kù?"

"Màmá, Bàbá ni wọ́n wá kí. Wọn ò wo ọkọ́ kankan."

"Ṣé kì í ṣe bàbá ẹ ló ni ọkọ́ ọ̀hún ni?"

Nusrat gun àga, ó gbé yín sọ̀ kalẹ̀, ó sì kó yín sí yàrá ìkẹ́rùsí, láàárín ìgbálẹ̀ àti korobá.

Láti ọjọ́ náà ni ahọ́n àwọn àlejò ti tú. Kò sí òkú níbẹ̀ mọ́ tí wọn yóò bọ̀wọ̀ fún. Òṣìṣẹ́ báńkì kan ní, "Torí pé inú ibí tutù ni mo ṣe wọlé jàre. Oòrùn ìta yẹn ò dáa." Káfíńtà kan láti Èkìtì bú sẹ́rìn-ín: "Ọkọ́ yìí ni mo sá fún tí mo fi dé Èkó. Ẹ tún ní kí n wá wò ó nínú gíláàsì!" Nusrat bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti yí gbogbo yàrá ká ní ibi tí iṣu ti ń wá. Wọ́n ní, "Sandgrouse."

Tawfiq halẹ̀ mọ́ ọn. Màmá kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí; ojú wa ló ṣe. Ó gbé Màmá dìde, ó jókòó, ó sì kọ ọ́ pé àwọn àlejò kò rí nǹkan kan kọ́; ẹni tó kó ẹrù jọ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, ọ̀wọ̀ yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́.

Wọ́n ti yàrá náà pa kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Wọ́n dá ẹrù yín padà sílé nínú àpò. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà. Òjò ń pa á, ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Nusrat ń wá ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, á kúnlẹ̀, á kí Màmá. Wọn kì í dá a lóhùn. Àwo oúnjẹ rẹ̀ kò sí láàárín tiwa mọ́.

Bàbá, ó dùn wá pé ẹ kò sí nílé láti bá a wí. Ohun tó dùn wá jù ni pé, bí ẹ bá wà, ẹ kò ní bá a wí. Ẹ̀yin tí ẹ fún Tawfiq, ọmọ bíbí inú yín, ní òdo nínú kíláàsì ara yín, tí ẹ sì jẹ oúnjẹ alẹ́ yín ní àjẹtán!

Àárò yín ń sọ wá. Ọdún mẹ́rin kò dín in kù. A fẹ́ràn yín, àwa tí a fẹ́ kó purọ́, àti òun tó kọ̀.