Ọkọ̀ Ló Bàjẹ́, Kì Í Ṣe Etí Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Asimawu,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá ti ń wálẹ̀ ní Japara níbí.

Ẹ mọ̀ pé inú ọkọ̀ nìkan ni Bàbá ti ń gbọ́ Kùránì ketekete. Mo ní kí oníṣẹ́ rédíò ọkọ̀ pààrọ̀ sípíkà ara ilẹ̀kùn sí èyí tó lágbára. Kò bá ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, tó bá ọkọ̀ wá mu, ampilifáyà sì jóná. Báyìí, Bàbá ń jókòó sínú ọkọ̀ láìgbọ́ ohùn kankan, wọ́n ní etí àwọn ti di pátápátá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé ọkọ̀ ni mo bà jẹ́. Wọ́n kà á, wọ́n ní, "Mùbàṣírù, má tàn mí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀wé sí wọn, bóyá wọ́n á gba tiyín gbọ́. Kí Ọlọ́run mú yín wálé láyọ̀.

Àbúrò yín,
Mùbàṣírù