Àmín tí mo ṣe ní Wakefield

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹrin

Ìpàdé. Ohùn Jẹ́jẹ́ ló pè é. Nicole lorúkọ ọ̀gá mi gan-an, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ṣe burú tó ni ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ tó. Lónìí, díẹ̀ ló kù ká má gbọ́ ọ mọ́.

Wọ́n ti gé owó wa. Àwọn aṣòfin ní Washington ò pa ọkọ̀ náà, wọn ò sì fún un lóúnjẹ tó máa yó o. Ọkọ̀ òfurufú tí àjọ wa fẹ́ rán lọ sí Uranus ni mò ń wí. Afẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ni mò ń pe Uranus nínú ìwé yìí, torí pé gbogbo ayé yòókù tó ń yí oòrùn ká ń pòòyì bí òkòtó, òun nìkan ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó ń yí bí àgbá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti ìnáwó ọkọ̀, kí n wo ohun tí a lè yọ tí á ṣì lè lọ. Níbòmíràn ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ. Níbí, ìwé la ń kọ, owó la ń wá, ọdún la ń kà. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa ní Castle Hill bá bi mí pé ṣé mo máa ń rí ìràwọ̀ níbi iṣẹ́, mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, lára kàlẹ́ńdà.

Ohùn Jẹ́jẹ́ ní kí n mú àbá wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹrin

Òjò. Tréènì dúró sójú kan bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Bàtà mi tutù di ìrọ̀lẹ́. Mi ò rí nǹkan kan yọ.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹrin

Kò sí èyí tó rọrùn. Kámẹ́rà ńkọ́? Àwọn aṣòfin ò ní dárí jì wá bí kò bá sí fọ́tò. Ẹ̀rọ kékeré tí ọkọ̀ máa jù sínú afẹ́fẹ́ Afẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ńkọ́? Òun gan-an la torí ẹ̀ ń lọ. Ká sún ọdún síwájú? Ẹ̀gbẹ́ Júpítà ni ọkọ̀ fẹ́ gbà kọjá, kí agbára Júpítà lè taari rẹ̀ síwájú — Júpítà ò sì ní dúró dè wá.

Ó ku òòfà. Bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹ̀rọ yẹn nìyẹn: ó máa wà lórí ọ̀pá gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á máa wọn agbára òòfà tó wà nínú ayé náà. Àjọ kan lókè-òkun ti ń bẹ̀ wá láti ọdún tó kọjá: àwọn á gbé tiwọn wá lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá ti lè gba àwọn èèyàn wọn láyè láti bá wa ka ohun tí ọkọ̀ bá rí. Tiwọn dáa. Kò dáa ju tiwa lọ. Ọ̀fẹ́ ṣáà ni.

Tiwa, Bàbá Wakefield ló ni ín. Dókítà Olúrótìmí, tó ń gbé ní Wakefield. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àgbà ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ní Tremont. Òun ló mú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ yìí wá bá mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́sí, tó ní, “Kúnmi, kọ ọ́. Wọn ò lè pa ẹ́ jẹ.” Ìgbà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ti gba ibi Afẹ̀gbẹ́lélẹ̀ kọjá rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Bàbá nígbà náà, ó wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ka ohun tí ọkọ̀ náà ń rán bọ̀. Wọ́n rí i pé agbára òòfà ibẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí láàárín bí ó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń kọ́ ohun tí á lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi tirẹ̀ sínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ kú sórí ìwé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Ó mọ̀ pé òun ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé. Ó máa ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kẹrin

Mo fi àbá sílẹ̀. Ká yọ tiwa, ká gba tiwọn.

Mo kọ́kọ́ sọ fún Ohùn Jẹ́jẹ́ pé àgbà ìjọ mi ló ni ohun tí mo fẹ́ yọ, kó má baà di ọ̀rọ̀ lọ́la. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbè sẹ́yìn èèyàn kì í yọ nǹkan onítọ̀hún dànù. Òótọ́ ni.

Ṣé ó dùn mí? Ó dùn mí. Àbá náà dáa síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹrin

Washington gbà á. Ọkọ̀ á lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ní ófíìsì, ẹnì kan ra dónọ́ọ̀tì. Ìkéde di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ohùn Jẹ́jẹ́ pè mí sí kọ̀rọ̀. Mo ti mọ̀ láti ibi ohùn. Ó ní kò dáa kí bàbá àgbàlagbà lọ kà á lórí fóònù bíi gbogbo ayé, kí n lọ sọ fún un, ṣebí ẹbí mi ni. Mo ní kì í ṣe ẹbí mi. Ó ní ṣùgbọ́n bàbá ni mò ń pè é. Kí ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé ìyẹn? Mo ní màá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kẹrin

Mo lọ. Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Mo ra ọsàn àti ápù dání. Ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo lọ bá àgbà lọ́wọ́ òfo? Màmá Olúyẹ́misí, ìyàwó Bàbá, bu ìrẹsì fún mi kí n tó jókòó. Òòfà àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, láàárín fọ́tò àwọn ọmọ, aṣọ léèsì funfun ni wọ́n fi bò ó.

A kì í la ọ̀rọ̀ burúkú mọ́ àgbà lórí. Ibi tó dáa lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, tí á wá máa rọra yí i bọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo kúnlẹ̀. Mo béèrè orúnkún Bàbá, mo béèrè Kànmí àti Démi, àwọn ọmọ wọn. Mo wá ní, “Bàbá, wọ́n ti fọwọ́ sí ọkọ̀ náà. Á lọ.” Mo mí, kí n lè sọ èyí tó kù.

Kò yẹ kí n mí.

Bàbá ti dìde. Ó ti ṣí fìlà. “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.”

Ta ló máa ní kí àgbà dákẹ́ àdúrà? “Òòfà mi á dé ibẹ̀ ní àlàáfíà.” Àmín. “Ọ̀pá rẹ̀ á nà jáde, kò ní há.” Àmín. “Bí mi ò bá sí láyé mọ́, òun á dúró fún mi níbẹ̀, á rí ohun tí mo fẹ́ rí.” Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà. Ẹnu mi ló ṣe é, kò bi mí léèrè. Màmá ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́ pé kí n gbé ohùn sókè. Mo gbé e sókè.

Kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ti pe Kànmí ní Texas. Ó ti pe Démi. Ó pe páásítọ̀, ó ní ìdúpẹ́ di ọjọ́ Àìkú. “Kúnmi ló mú ìròyìn ayọ̀ wá, Kúnmi tiwa.” Wọ́n ń gbé fóònù sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ní ẹ ṣé o, ẹ ṣé o. Mo jẹ ìrẹsì náà tán. Ó dùn. Mo wọ tréènì padà sílé.

Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹrin

Mo sọ fún Lékè, àbúrò mi tí a jọ ń gbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ yọ nǹkan bàbá kúrò nínú ọkọ̀, ẹ tún wá ṣe àmín sí i!” Ìgbà tí ẹ̀rín tán, ó ní ṣé mo máa sọ fún wọn kí ìdúpẹ́ tó dé. Mo ní mo ní ọgbọ́n kan.

Ọgbọ́n náà: mo pe Màmá, mo kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Èrò mi ni pé aya ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀ fún ọkọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní:

“Kúnmi. Ẹnu tó ṣe àmín ni kó wá sọ ọ́. Ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ tó kú, èmi ni mo sọ fún un. Mi ò sọ ìkẹta.”

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà.

“Wá kó tó di Àìkú. Má gbé èso wá.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù kẹrin

Mo sọ ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mo kí i tán, mo ní, “Bàbá, wọ́n ti yọ òòfà yín. Ti àwọn ará òkè-òkun ni wọ́n máa lò. Èmi ni mo dá a lábàá.”

Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Ó ń lọ agbádá tó fẹ́ wọ̀ lọ dúpẹ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní kí n tó wá lọ́jọ́bọ̀.

“O mọ̀. O kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, o ń ṣe àmín.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

“Ṣé tiwọn dáa ju tèmi lọ ni?”

Mo ní rárá sà, ọ̀fẹ́ ni. Ó mi orí. Ó ní ká ní wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju òun lọ ni, òun ì bá rí oorun sùn. Ó tún bi mí pé bí mi ò bá yọ ọ́ ńkọ́. Mo ní ọkọ̀ ò ní lọ, òun àti tiyín á jọ kú sórí ìwé. Ó rìn lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó ká aṣọ léèsì kúrò, ó wo òòfà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó tún dá aṣọ bò ó. Ó padà sídìí agbádá. Màmá wà ní kíṣìnì, omi ń dà nínú síǹkì, kò sí abọ́ tó ń fọ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé mo ti kúnlẹ̀ tó lọ́jọ́bọ̀. Ó ní ìdúpẹ́ ò yẹ̀. Òun ti sọ fún Ọlọ́run pé òun ń bọ̀ wá dúpẹ́, òun ò lè pe Ọlọ́run padà pé kó gbàgbé ẹ̀. “Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa gbàdúrà. Èmi ti gba tèmi.”

Mo ní mi ò mọ àdúrà gbà ní gbangba sà.

“O mọ àmín ṣe. Ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.”

Mo sunkún nínú tréènì. Obìnrin kan na tíṣù sí mi, kò wojú mi. Mo kọ ọ́ síbí torí pé mi ò kì í sábà sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù kẹrin

Wọ́n pe ìdílé Olúrótìmí síwájú. Kọ́wáyà gbé orin. Bàbá jó jáde nínú agbádá tó lọ̀ geere, ó jó o dáadáa. Màmá gbé fóònù sókè kí àwọn ọmọ lè máa wò. Páásítọ̀ ní kí wọ́n sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Bàbá ní ọkọ̀ kan fẹ́ lọ síbi tó jìnnà, Kúnmi á gbàdúrà sí i. Ó na máíìkì sí mi.

Mo ti kọ àdúrà kan sílẹ̀ láàárọ̀, tó gùn, tó ní Ísírẹ́lì nínú. Gbogbo ẹ̀ fò lọ. Mo ní:

“Olúwa, jẹ́ kí ọkọ̀ náà gbéra. Jẹ́ kó dé. Òòfà tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti Bàbá wa. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí ti Bàbá ì bá ti ṣe é. Jẹ́ kó rí ohun tí Bàbá fẹ́ rí. Ní orúkọ Jésù.”

Àwọn kan nínú ìjọ wo ara wọn, torí pé ohun tí wọ́n gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àmín. Páásítọ̀ ṣe é. Màmá ṣe é. Mo wo ẹnu Bàbá. Ó pa á dé. Bàtà mi ló ń wò.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kọjá.

Ìyẹn dùn mí ju ti àná lọ.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kẹrin

Iṣẹ́. Kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kẹrin

Ìkéde jáde láàárọ̀. Ó kúrú. Orúkọ àjọ òkè-òkun wà níbẹ̀, orúkọ Bàbá ò sí. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ohùn Jẹ́jẹ́ ń sọ̀rọ̀ sókè lónìí, a ń gbọ́ ọ láti ọ̀ọ́dẹ̀.

Mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tréènì ní Castle Hill nírọ̀lẹ́ nígbà tí fóònù dún. Bàbá Wakefield. Mo dúró gbagidi, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ kú —

Kò jẹ́ kí n kí i tán.

“Àmín,” ó ní. Ó gé fóònù.